Òrí Tí Ìyá Mi Fi Pa Kẹ̀kẹ́ Tuntun

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ kúrò nídìí kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ wá jókòó. Mo gbọ́ òórùn òrí. Ìyá yín àgbà ti gbé e kaná nínú ilé ìdáná, kí ó tó yọ́ tán, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Sẹ́sílì, ìwọ ọmọ ọmọ mi ni mo ń bá wí jù, nítorí ìwọ ni yóò gùn ún ní òwúrọ̀ ọ̀la, ìwọ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ, láti Bantè níbí dé Savalou, kí ẹ tó máa bá ọ̀nà lọ sí etí òkun. Láti ìgbà tí takisí ti sọ páálí ńlá yẹn kalẹ̀ láàárọ̀ ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Ẹ rò pé ogbó ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́, kí ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ń wò yín bí ẹ ṣe ń tú u. Ẹ fa ọwọ́ kẹ̀kẹ́ jáde, wọ́n ti yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n so ó mọ́ ara irin bí adìyẹ tí à ń gbé lọ sọ́jà. Ẹ fa ẹsẹ̀ iwájú jáde. Ẹ bá pẹ́dàlì méjèèjì nínú àpò kékeré. Ẹ gbé tẹlifóònù sórí àpótí, ẹ ń wo òyìnbó kan tí ń to tirẹ̀, ẹ ń tò tẹ̀ lé e. Ó dára, mi ò bú yín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀gbọ́n Sẹ́sílì fẹ́ fi agbára de pẹ́dàlì òsì, ta ló kígbe? Èmi ni. Mo ní òdì ni wọ́n ń yí tòsì sí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ wojú ara yín, ẹ ní ibo ni Bàbá ti mọ̀ ọ́n. Ní Savalou ni mo ti mọ̀ ọ́n, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sàláwù, kí á tó bí bàbá yín.

Nígbà náà, kẹ̀kẹ́ kì í wá bá ènìyàn nílé. Ènìyàn ló ń lọ bá a. Mo ti kó owó òwú ọdún méjì fún oníṣòwò kan tí ó wá láti Nàìjíríà, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù ní Savalou, mo sì padà sílé lọ dúró. Ẹ̀yin kò mọ ohun tí à ń pè ní dídúró. Lọ́nà yìí tí sẹ́míjàn, alùpùpù akérò, ń han létí yín lọ́sàn-án lóru, lọ́rì kan ni à ń gbọ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin, a ó sì ti gbọ́ ọ kí ó tó yọ, tí àwọn ewúrẹ́ pàápàá yóò gbé orí sókè. Gbogbo èyí tí mo bá gbọ́, mo ní kẹ̀kẹ́ mi dé. Nígbà tí ìròyìn wá dé lóòótọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sí Savalou. Mo sùn lọ́nà. Mo kó iṣu sísun sínú àpò, mi ò rántí jẹ ẹ́.

Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni Sàláwù ti ń ṣiṣẹ́. Mùsùlùmí ni, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́, Yorùbá tirẹ̀ ti òdìkejì ààlà ni. A gbọ́ ara wa dáadáa, àfi pé ohùn tirẹ̀ ń gòkè níbi tí tiwa ti ń sọ̀ kalẹ̀. Inú bébà elépo ni wọ́n di kẹ̀kẹ́ náà sí, tí wọ́n fi okùn koríko dì í. Ó tú u díẹ̀díẹ̀. Ó fi èékánná ta àwọn wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbé etí tì í, tín-ín, tín-ín, tín-ín, títí ó fi dé èyí tí ó ní tọ̀n-ọ̀n, tí kò le tó. Ó fún un. Ó tún ta á. Ó ń yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ó mú ẹfun sún mọ́ rìmù, irin róbótó tí táyà jókòó lé. Ibi tí ẹfun bá ti kàn án, ibẹ̀ ló wọ́. Odindi ọ̀sán kan ni ó fi ṣe é, mo jókòó tì í bí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń rọbí.

Nígbà tí ó parí, ó dì mí lápá mú. Ó ní, “Ọmọ Bantè, gbọ́ mi o. Ṣéènì ló ń jẹ epo. Rìmù kì í jẹ ẹ́. Ṣé o rí rọ́bà ìjánu yìí? Rìmù ló ń fún mọ́. Bí epo bá kan ibẹ̀, o ó tẹ ìjánu títí, kẹ̀kẹ́ kò ní dá ọ lóhùn.” Mo ní mo ti gbọ́. Ó ní kí n sọ ọ́ padà fún òun. Mo sọ ọ́ padà, gbogbo rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, kí ẹ má baà sọ pé bàbá yín kò mọ̀. Mo mọ̀.

Ẹ ó fẹ́ mọ ohun tí mo fi kẹ̀kẹ́ ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àbẹ̀kẹ́ ni. Ìyá yín àgbà tí ń yọ́ òrí yìí. Ní Akpassi ni wọ́n bí i, èmi nìkan kọ́ ni mo sì rí i. Ọmọ oníṣòwò kan ní Savalou ní alùpùpù, ó sì ń gbé e gba iwájú ilé wọn lọ, gba ibẹ̀ bọ̀. Èmi ní ebè iṣu àti ẹsẹ̀ méjì. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Akpassi ni a máa ń pè é. Ó ní òun kò kọ̀ mí, òun kò sì gbà mí, àfi kí òun fi ojú ara òun rí ibi tí ọmọ òun yóò máa sùn, kí ọdún iṣu tuntun tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni orúnkún rẹ̀ kan wú, kò lè rìn jìnnà. Ó ní, “Bí o bá lè gbé mi dé ibẹ̀, kí o gbé mi padà, a ó sọ̀rọ̀. Bí o kò bá lè ṣe é, ẹni tí ó lè ṣe é ń bẹ.” Ẹ gbọ́ nǹkan! Ọdún iṣu tuntun ku ọjọ́ mẹ́sàn-án nígbà tí mo ti kẹ̀kẹ́ wọ Bantè.

Ìyá mi jáde sí mi. Ẹ̀yin bá àṣà yìí nílé, ẹ kò bi ibi tí ó ti wá. Ìyá mi ní irin kì í wọ ilé wa ní gbígbẹ. Ọkọ́ tuntun, àdá tuntun, ẹ̀rọ ìránṣọ tí àbúrò mi rà, òrí ni ìyá mi ń fi pa gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀, kí ìpẹtà má baà jẹ wọ́n, kí ohun tí ó jáde lọ wá oúnjẹ lè padà wálé ní dídán. Ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ mi, ó bu òrí sí àtẹ́lẹwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń súre. “O ó máa lọ, o ó máa bọ̀. Ilẹ̀ kò ní gbé ọ jù.” Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé rìmù, mo la ẹnu. Mo rí ojú rẹ̀. Omi wà lójú rẹ̀, ayọ̀ ló fà á. Ta ni yóò sọ fún ìyá rẹ̀ pé kí ó mú ọwọ́ ìre kúrò? Mo pa ẹnu dé. Mo ní n ó nù ún ní kùtùkùtù.

Kùtùkùtù náà dé, àwọn ará àdúgbò ti kún iwájú ilé. Oòrùn là lára rìmù, ó ń kọ mànà, gbogbo wọn ní háà. Èmi náà wò ó, ó wù mí. Ìgbéraga wọ̀ mí lára, n kò nù ún mọ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tí ẹ bá ń ṣe é. Mo tẹ agogo kẹ̀kẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo gba ọ̀nà Akpassi lọ. Ní àlọ, ọ̀nà náà ń gòkè ni, tàbí kí ó tẹ́jú. Nígbà tí mo bá fẹ́ dúró, ẹsẹ̀ ni mo ń fi gún ilẹ̀. N kò tẹ ìjánu gidi kan títí mo fi débẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Akpassi. Wọ́n ká aṣọ sórí irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ fún un, ó jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì lápá òsì, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Mo ní, “Ìyá, ẹ di ìbàdí mi mú o.” Ó wò mí bí ẹni pé mo bú u. Ní ìgbà tiwa, ìyá ìyàwó kì í fọwọ́ kan ọkọ ọmọ rẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ẹni tí kò tíì fẹ́ ọmọ náà. Ẹ̀yin ẹ máa ń dì mọ́ sẹ́míjàn tí ẹ kò mọ orúkọ bàbá rẹ̀! Ìyá Akpassi fi ọwọ́ kan di abẹ́ ìjókòó mi mú, níbi tí irin rẹ̀ ti rí kọ́lọkọ̀lọ. Ó ní, “Máa lọ. Àna ẹni kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni.” Àbẹ̀kẹ́ dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò rẹ́rìn-ín, kò juwọ́. Ó kàn ń wò mí. Ojú yẹn ni mo gbé dání ní gbogbo ọ̀nà.

A rìn dáadáa. Ìyá ń bi mí léèrè ọ̀rọ̀: ibo ni a ti ń pọnmi, ṣé ìyá mi máa ń pariwo. Bí mo ṣe ń dá a lóhùn ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ lábẹ́ wa. Ẹ mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí à ń sọ yẹn, ibi tí wọ́n ti fi kọnkéré ṣe afárá báyìí. Nígbà náà, igi gẹdú márùn-ún ni wọ́n tẹ́ sórí odò, àlàfo láàárín wọn gba táyà, ènìyàn gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí ó ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Mo tẹ ìjánu. Kò sí nǹkan. Mo tẹ méjèèjì pọ̀. Rọ́bà ń yọ̀ lórí òrí bí ìka lórí ẹja aborí.

Ọ̀rọ̀ Sàláwù bọ́ sí mi létí, gbogbo rẹ̀, bí mo ṣe sọ ọ́ padà fún un. Kẹ̀kẹ́ ń sáré sí i. Mo ju ẹsẹ̀ sílẹ̀, bàtà mi já, ó bọ́ lọ.

“Kí ló ń lé ọ?” Ìyá ló sọ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn mi. “Rọra!”

“Ìyá, ẹ dì mí mú!”

“Èmi? Kí n dì ọ́ mú? Àwọn ènìyàn ń bọ̀ níwájú yẹn!”

Lóòótọ́ ni. Àwọn obìnrin bíi mẹ́fà ti gun afárá láti ìhà kejì, ẹrù iṣu wà lórí wọn, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, kò sí ibi tí wọ́n lè yà sí. Mo ń tẹ agogo, wọ́n rò pé ìkíni ni. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn.

“Ìyá, ìjánu kò mú! Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ dì mí mú!”

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún yín, ti odò kọ́ ni ẹ̀rù tí ó bà mí jù. Mo ń rò pé obìnrin yìí yóò kú sẹ́yìn mi nítorí ìtìjú, àti nítorí ẹnu tí mo pa dé. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wá, ó fún mi níkùn pinpin, orí rẹ̀ kan ẹ̀yìn mi. Mo yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, mo kó wa wọ oko iṣu ẹni ẹlẹ́ni. Ebè kìíní gbé wa sókè. Ebè kejì gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi. Ìkẹta ni a sùn lé lórí.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ gbà pé òtítọ́ ni. Èmi dìde, kẹ̀kẹ́ ni mo kọ́kọ́ wò, bóyá ó ti wọ́. Orúnkún mi ń ṣẹ̀jẹ̀, n kò mọ̀. Ìyá Akpassi jókòó sínú ewé iṣu, ìbòrí rẹ̀ ti bọ́, ó yí ojú padà, ó ń wo gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí a ti wá. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá rẹ̀ wọ́ dé ìdí kẹ̀kẹ́, ó fi ìka kan nu rìmù, ó gbé e sí imú.

Ó ní, “Òrí.”

Ó nu ìka náà mọ́ ewé iṣu.

“Ta ló fi òrí pa ibí?”

Mo lè sọ pé oníkẹ̀kẹ́ ní Savalou ni. Mo ní, “Èmi ni, Ìyá.”

“Irọ́ ni. Ọwọ́ obìnrin ni èyí. Ọkùnrin kì í pa òrí wọ kọ̀rọ̀.” Ó tún wò mí. “Ìyá rẹ ni. Ṣé o mọ̀ pé kò yẹ níbẹ̀?”

Mo ní mo mọ̀. Ojú tì mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Mo rí Àbẹ̀kẹ́ lẹ́yìn alùpùpù ọmọ Savalou yẹn, bí ẹni pé ó ti ṣẹlẹ̀. Ìyá Akpassi kò bú mi. Ó fa etí ìró rẹ̀ ya, ó nu rìmù iwájú, ó nu ti ẹ̀yìn, ó fi iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ha á, ó tún nù ún. Òrí tí ó kọ́kọ́ nù kúrò, tí iyẹ̀pẹ̀ kò tíì kàn, ó fi pa mí ní ẹ̀gbẹ́ orúnkún. Òrí tí ó fẹ́ pa wá ni ó fi wò mí. Ó ní, “Ìyá rẹ kò gbọdọ̀ gbọ́. Kò sí abiyamọ tí ó yẹ kí ó gbọ́ pé ìre òun fẹ́ pa àna òun.” Mo ní kò ní gbọ́.

A ti kẹ̀kẹ́ kọjá afárá. Mo ní kí n lọ wá ẹni tí yóò gbé Ìyá délé. Ó ní rárá, kí n jókòó sórí kẹ̀kẹ́. Ó gun ẹ̀yìn, ó sì na ọwọ́ méjèèjì, ó dì mí ní ìbàdí mú. Báyìí ni a ṣe wọ Bantè, ní ọjọ́ ọjà, ní ojú gbogbo ayé. Àwọn ènìyàn fọwọ́ bo ẹnu. Mo ní, “Ìyá, wọ́n ń wò wá o.” Ó ní, “Mo dì ọ́ mú níbi ikú. N kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbi ojú ènìyàn.” Ìyá mi rí wa láti iwájú ilé, ó ké. Ìyá Akpassi sọ̀ kalẹ̀, ó kí i, kò tíì wọ inú yàrá kan tí ó fi sọ pé ilé náà dára.

Bí mo ṣe fẹ́ ìyá yín àgbà nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, mi ò tíì dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn ìyá méjèèjì ti lọ. Èmi kò sọ ọ́ fún ìyá mi, n kò sì sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́. Ìyá mi kọ́ ọ ní àṣà ilé, irin kì í wọlé ní gbígbẹ, ó sì mú un pẹ̀lú ọwọ́ méjì. Kẹ̀kẹ́ mẹ́rin ni a ti rà nínú ilé yìí lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ó fi òrí pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì dìde kí àkùkọ tó kọ, mo nu rìmù wọn. Ìdákẹ́ mi ló fi òrí yẹn sórí iná lónìí. Èmi náà ni mo gbé e kaná.

Ṣùgbọ́n eléyìí kì í ṣe ti àtijọ́. Mo ti tẹ̀ ba, mo wò ó. Abọ́ irin pẹlẹbẹ ló wà nídìí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ibẹ̀ ni ìjánu tí ẹ̀ ń pè ní fùrẹ̀ẹ́ ti ń fún un. Mo rán ẹnìkan sí oníkẹ̀kẹ́ tó wà ní oríta, ó ní bí epo bá kan abọ́ yẹn, ohun tí ń fún un yóò mu ún, nínù kò ní mú un jáde mọ́, àfi kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ibo la ó ti rí i ní Bantè? Ọwọ́ mi pàápàá ti ń gbọ̀n. Sẹ́sílì, o ní ẹrù mẹ́rin láti so mọ́ ọn, ẹrù sì ń ti ènìyàn ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Mo ti pa ẹnu dé lẹ́ẹ̀kan. N kò lè pa á dé sí ọ lórí.

Kí ni ẹ ń wò lẹ́yìn mi?

Àbẹ̀kẹ́. O ti wà níbẹ̀ láti ìgbà wo? Gbé igbá yẹn kalẹ̀, ó gbóná. Kí lo wí? Ọdún mélòó ni mo ti ń nu ohun tí ò ń pa? Gbogbo ọdún wa ni. Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ojú tí o fi wò mí lẹ́nu ọ̀nà Akpassi nìyẹn, n kò tíì mọ ìdáhùn rẹ̀ títí di òní. Mo bẹ̀ ọ́. Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ.

Ẹ dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó kọjá.

Kì í ṣe ìdí kẹ̀kẹ́ ló ń lọ. Sẹ́sílì, jókòó sórí àpótí yẹn, bọ́ bàtà, na ẹsẹ̀ sí ìyá rẹ àgbà, kí ó fi òrí pa á. Má sọ̀rọ̀, ó ń súre. O gbọ́ ọ? O ó máa lọ, o ó máa bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ṣe àmín. Pa á dé orúnkún, Àbẹ̀kẹ́, pa á wọ kọ̀rọ̀, ibẹ̀ ni ó ti ń ṣiṣẹ́.

Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, sáré lọ gbé ọṣẹ àti omi wá. Kí àwọn méjèèjì fọ ọwọ́ wọn dáadáa, kí wọ́n tó fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ yẹn.